Mo Parọ́ Mọ́ Mọ́tò Bàbá Wa

Èmi ni mo fọ́ mọ́tò náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíì ni mo fẹ́ dá lẹ́bi. Èmi ni mo mú sípánà tí wọ́n fi ń tú táyà, mo fọ́ gíláàsì iwájú, mo fọ́ tẹ̀yìn, mo lu ìdérí búùtù títí kò fi lè dé mọ́. Èmi náà ni mo ṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Apòmù, lọ́jọ́ Jímọ̀, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn èèyàn ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Orí mi ò dàrú… Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí àwọn ará Ìkirè tí mo ń ránṣọ fún pọ̀ lórí pèèjì yìí. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Mi ò ní kí ẹ bá mi kẹ́dùn.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Aránṣọ ni mí ní Ìkirè, àwọn ọmọ mi méjèèjì ti wà nílé ọkọ. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kọjá ibẹ̀. Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé mi ò lẹ́nu, pé tépù ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Tí mo bá wọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan, mo ti wọ̀n ọ́n tán, mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ títí dé ìdajì íǹṣì. Láyé mi, mi ò na ẹnikẹ́ni rí, títí kan àwọn ọmọ tí mo bí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù.

Àbúrò mi kan ṣoṣo wà ní Kánádà, ó ti pé ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jù ú lọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, Àǹtí Mi ló ń pè mí títí dòní. Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò lórí fóònù, mọ́tò àtijọ́ ni òun ń wò. Àwọn kan wà lórí Facebook tí wọ́n kó ara wọn jọ, ẹni tó wà ní Kánádà á ra mọ́tò tó wà ní Kàdúná, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù á ra èyí tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò ní fojú kàn án, wọ́n á kàn ní kí ẹnì kan lọ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó. Lọ́jọ́ kan ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi, ó ká ohùn rẹ̀ tẹ̀lé e. Àǹtí Mi, ẹ wò ó, ẹ wò ó dáadáa, ṣé kì í ṣe mọ́tò Bàbá nìyí? Pijó 504, àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ìdajì ọ̀rọ̀ Alihamudulilahi ṣì wà lára gíláàsì ẹ̀yìn. Ìkirè níbí ló sì wà. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló rà á ní Iléṣà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà wálé, ó wá fẹ́ tà á. Kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Alhaji ni gbogbo ayé ń pe bàbá wa. Kòkó ló ń rà ní Apòmù àti àwọn oko àyíká rẹ̀. Ìgbà tó kú, àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Màámi ló ní kí wọ́n ta mọ́tò náà kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó pé. Àwọn ẹbí rò pé ebi ló ń pa á. Lọ́jọ́ tí ẹni tó rà á wá gbé e lọ, àbúrò mi sáré tẹ̀lé e láìwọ bàtà títí dé títì, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó, àpá náà ṣì wà níbẹ̀. Látìgbà náà ló ti ń wá mọ́tò yẹn. Ó ní tí òun bá rí i rà, òun á gbé e padà sí ilé wa ní Apòmù, màámi á jókòó sí ẹ̀yìn bí ìyàwó ọba, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká. Ó máa ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé kò sí bẹ́ẹ̀dì kankan ní Kánádà tí òun sùn sí tó dùn tó bí òun ṣe ń sùn lẹ́yìn mọ́tò Bàbá.

Ó ní òun ò fọkàn tán mẹkáníìkì kankan. Ọ̀rẹ́ òun kan ra irú rẹ̀ láti òkèèrè, mẹkáníìkì fi fídíò ránṣẹ́, mọ́tò ń dán gbinrin, ìgbà tí ọ̀rẹ́ náà dé tó wọlé jókòó, ilẹ̀ mọ́tò já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Torí náà ojú kan ṣoṣo tí òun lè fi rà á ni ojú mi. Ó fi ìbéèrè ogójì ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n kọ ìdáhùn síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní Àǹtí Mi, ẹ̀yin lẹ ò lè parọ́ fún mi láyé yìí.

Mo lọ. Mo fi tépù kọ́rùn, mo mú bírò àti ìwé, mo mú mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, torí àbúrò mi ní kí n máa fi mágínẹ́ẹ̀tì tọ́ ara mọ́tò náà, pé níbi tó bá jẹ́ irin á lẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí wọ́n bá ti fi nǹkan mìíràn dí i, á jábọ́. Tíṣà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn dáadáa ni. Ó rí tépù lọ́rùn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé búbà ni mo fẹ́ rán fún un ni, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọrùn rẹ̀ fún un o. Ìró ìyàwó rẹ̀ ló fi bo mọ́tò náà kí eruku má baà bà á, ìyàwó ń pariwo láti inú ilé pé òun ti wá ìró yẹn tì láti ọjọ́ ọdún, Tíṣà ní kí n má dá a lóhùn, pé mọ́tò ò dójú ti òun rí, pé òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àna òun. Ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún mi. Ó ní kí n wo gbogbo ibi tó bá wù mí.

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìró mi, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́tò láti abẹ́, kò jẹrà. Ó tan ẹ́ńjìnnì, kò rú èéfín. Mo ti mú ìwé mọ́tò àtijọ́ tí màámi ní kí n tọ́jú wá, mo fi nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ wé èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin, ọ̀kan náà ni. Mágínẹ́ẹ̀tì mi lẹ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀ yí ká. Ibi kan ṣoṣo ló ti jábọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, lábẹ́ fèrèsé. Mo tún gbé e síbẹ̀, ó tún jábọ́. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a, pé ó ní láti jẹ́ pé nǹkan ti gbá a nígbà kan rí. Mo mọ nǹkan tó gbá a. Orí màámi ni. Alhaji di irun rẹ̀ mú, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú mi, nínú ọgbà ilé wa, irin náà sì tẹ̀ wọlé. Ọjọ́ kejì ó gbé mọ́tò lọ bá ẹni tó ń tún ara mọ́tò ṣe. Kò gbé màámi lọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, torí mi ò sọ ọ́ rí. Ọkùnrin tó ń fún àwọn èèyàn ní sààrà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tó ń gbé àbúrò mi lé èjìká, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi lára màámi. Kó tó bẹ̀rẹ̀, màámi á bọ́ yẹtí, á tú gèlè, á kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ọjọ́ kan tí Alhaji fa yẹtí etí ọ̀tún rẹ̀ yọ pẹ̀lú ẹran. Etí náà pín sí méjì títí dòní. Àbúrò mi rò pé wọ́n bí i bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ tèmi ni láti di yẹtí mú kó má sọnù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo wá ṣí búùtù.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn, àbúrò mi ò tíì ju ọdún kan lọ. Ara ìyá màámi ò yá ní Wásinmi, màámi gbé àwa méjèèjì lọ síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọjọ́ kejì ni Alhaji dé. Ó kí àwọn àna rẹ̀ dáadáa, ó fún wọn lówó oògùn, ó jókòó, ó mu omi. Àfìgbà tí a jáde sí ojú ọ̀nà, tí ilé ti fara sin. Ó dá mọ́tò dúró. Màámi ti mọ̀, ó bọ́ yẹtí, ó kó o fún mi. Ó lù ú níbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ igbó títí tí kò fi lè dìde, lẹ́yìn náà ó gbé e bí ẹni gbé àpò kòkó, ó jù ú sínú búùtù, apá rẹ̀ kan kọ̀ kò wọlé, ó fi ẹsẹ̀ tì í, mo gbọ́ nígbà tí èjìká rẹ̀ yẹ̀. Ó dé e pa. Ó ní kí n jókòó sẹ́yìn, kí n gbé ọmọ lé itan, kí n má jẹ̀ẹ́ kó sunkún. Láti ibẹ̀, a gba Ìkirè kọjá títí dé Apòmù. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, ẹ̀yìn ìjókòó ló wà láàárín wa. Kò pariwo. Ó ń fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ họ irin. Á họ ọ́, á dúró, á tún họ ọ́. Mo rò pé ó fẹ́ kí n mọ̀ pé òun ṣì wà láàyè ni. Nígbà tí a dé Ìkirè, Alhaji dúró lẹ́bàá títì, àwọn tó ń ta dòdò sáré wá, wọ́n ń kí i, Alhaji wa, Alhaji onínúure, ó ń bá wọn ṣàwàdà, ó ní ẹ̀yin obìnrin Ìkirè yìí ẹ fẹ́ fi dòdò gba ọkọ lọ́wọ́ ìyàwó mi ni, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ra dòdò, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó kó o fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́. Màámi wà lẹ́yìn mi nínú òkùnkùn, mo sì ń jẹ dòdò, gbogbo rẹ̀ ni mo jẹ tán… Yẹtí wà nínú ọwọ́ mi kejì. Àbúrò mi sùn lórí itan mi. Ó sùn ní gbogbo ọ̀nà.

Ohun tí mo bá lábẹ́ ìdérí búùtù nìyẹn. Mo gbé aṣọ tí wọ́n fi bò ó sókè, àpá òrùka màámi wà níbẹ̀. Mo yọ tépù lọ́rùn, mo wọ̀n ọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà, mo lọ sílé, mo bì.

Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ fún àbúrò mi nìyí. Nígbà tí màámi wà nínú opó Alhaji, ó pè mí sí yàrá, ó gbé Kùránì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n búra pé àbúrò mi ò ní gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe láti ẹnu mi láéláé. Ó ní ọmọkùnrin tó bá gbọ́ irú èyí nípa bàbá rẹ̀, yálà kó kórìíra ara rẹ̀ tàbí kó kọ́ ọ ṣe. Ó ní ó kéré tán kí ọmọ òun kan ní bàbá tó fẹ́ràn. Mo búra. Mo ti pa á mọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Nítorí náà mo parọ́. Mi ò lè sọ pé kó má rà á láìsọ ìdí, mi ò sì lè sọ ìdí. Mo kọ pé nọ́ńbà ò bára mu. Mo kọ pé ilẹ̀ mọ́tò ti jẹrà, pé ẹ́ńjìnnì ń rú èéfín, pé bíréèkì ò mú. Níbi tó bá ti dára, mo ní ó bàjẹ́. Ìbéèrè kan ló ṣẹ́kù, pé ǹjẹ́ mo rí ohunkóhun tó ṣàjèjì nínú búùtù. Bírò mi kọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo jókòó ti ìbéèrè yẹn títí tí òwúrọ̀ fi di ọ̀sán, mi ò lè kọ pé kò sí. Bí ẹni pé tí mo bá kọ pé kò sí, èmi náà dé búùtù yẹn pa mọ́ màámi. Mo kọ báyìí pé: lábẹ́ ìdérí, ìlà mẹ́sàn-án, òrùka tàbí ìṣó ni wọ́n fi fà á, èyí tó gùn jù jẹ́ íǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀, èyí tó kúrú jù íǹṣì kan. Mo fi ránṣẹ́.

Àbúrò mi sunkún lórí fóònù. Lẹ́yìn náà inú bí i, ó lọ kọ ọ́ sáàárín àwọn olùra mọ́tò àtijọ́ pé ayédèrú ni mọ́tò tó wà ní Ìkirè, pé olè ni ẹni tó ń tà á. Mi ò rò ó débẹ̀. Ọlọ́run rí ọkàn mi, mi ò rò ó débẹ̀. Wọ́n bú Tíṣà, wọ́n fi àwòrán ojú rẹ̀ síta, àwọn ọmọ tó kọ́ ní Iléṣà wà lára àwọn tó ń bú u. Lọ́jọ́ kan ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká fìlà mọ́wọ́, ó ní ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Mi ò gbójú sókè, mò ń rán aṣọ lọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gba èékánná àtàǹpàkò mi kọjá, ó jáde lódì kejì, mo wò ó, mi ò ké. Tíṣà ló ké. Òun ló sáré wọlé tó yí ẹ̀rọ padà tó bá mi yọ ọ́. Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ dì í fún mi. Mi ò sì sọ òótọ́ fún un.

Ọkàn àbúrò mi ò balẹ̀. Láìsọ fún mi, ó sanwó fún mẹkáníìkì kan láti Ìbàdàn, ìyẹn wá, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò pẹ̀lú ìwé ìdáhùn mi lọ́wọ́. Àbúrò mi rà á. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Tíṣà. Ó wá ní kí Mùfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ń wa mọ́tò ní Apòmù, lọ gbé e wá sílé ní ọjọ́ Jímọ̀, kó gbé màámi sínú rẹ̀, kó sì ya fídíò rẹ̀ fún òun.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń lọ wo màámi. Ìgbàgbé ti mú un, ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọjọ́ mìíràn á pe orúkọ mi, ọjọ́ mìíràn á máa bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a di irun tán lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì bá a wé gèlè lé e. A gbọ́ fèrè. Mùfú wakọ̀ wọ ọgbà, ó ń fọn fèrè, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń ti Jímọ̀ bọ̀ tẹ̀lé e wọlé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń pariwo pé mọ́tò Alhaji ti jí dìde. Mùfú sọ̀kalẹ̀, ó gbé fóònù sókè, ó ní Ìyá àgbà, ọkọ yín dé o, ẹ wá wọlé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Màámi dìde. Ó ti pẹ́ tó ti dá dìde láìsí ẹni tó mú un lọ́wọ́. Ó wo mọ́tò náà. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a dáadáa. Ó bọ́ yẹtí etí òsì, torí ti ọ̀tún ò lè gbé yẹtí mọ́. Ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò. Ó dúró níwájú búùtù. Ó dúró bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ṣí i.

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń wo ẹwà rẹ̀ ni. Mùfú tiẹ̀ ṣí búùtù náà fún un, kó lè rí inú rẹ̀. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo rántí pé mo gbé màámi kúrò, mo gbé e jókòó sílẹ̀, mo fi yẹtí rẹ̀ sí àyà mi. Sípánà wà nínú búùtù. Mo mú un. Ìdérí yẹn ni mo kọ́kọ́ lù, mo lù ú, mo lù ú, níbi tí ìlà wà gan-an, irin ń ké, mo lọ sí gíláàsì ẹ̀yìn, Alihamudulilahi tó kù lára rẹ̀ fọ́ dànù, mo lọ sí iwájú. Mo rántí pé mo dé ilẹ̀kùn òsì, ohun tí wọ́n fi dí i bó jáde, ibi tí orí màámi wọlé sí tún hàn. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n sọ òótọ́ ni, ó dùn mọ́ mi. Mùfú di ọrùn mi mú láti ẹ̀yìn, ó ń pè mí ní àjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ fún mi lọ́fun bí ọwọ́ Alhaji ṣe máa ń fún màámi lọ́fun, mo yí padà, mo fi gbogbo agbára mi gbá a. Mo gbọ́ egungun náà. Ó dún bí igi gbígbẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ọwọ́ Mùfú wà nínú sìmẹ́ńtì dókítà, mo ti lọ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì lójú àwọn oníbàárà mi, ó ní ara mi ń ta mí nítorí àbúrò mi là. Mo dúró, mo jẹ́ kó gbá mi. Mo ti lọ kúnlẹ̀ fún Tíṣà náà. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi, ó kàn ń wo ibi tí mọ́tò máa ń wà. Àwọn ẹbí ní kí n gbà pé èṣù ló lò mí, kí àwọn àáfà ṣe àdúrà sí mi lórí, kí ọ̀rọ̀ tán. Tí mo bá gbà bẹ́ẹ̀, ó tán lóòótọ́. Màá jẹ́ wèrè, Alhaji á sì máa jẹ́ onínúure lọ.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ò bú mi. Mo ti ń retí kó bú mi. Ó ká ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó ní Àǹtí Mi, nínú ìbéèrè ogójì, ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ sọ fún mi ló jẹ́ òótọ́, ẹ sì wọ̀n ọ́n dé ìdajì íǹṣì. Mẹkáníìkì Ìbàdàn wọ̀n ọ́n, ó pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí ni àwọn ìlà yẹn? Ta ló fà wọ́n? Kí ló dé tí Màámi fẹ́ wọ inú búùtù? Ó ti wo fídíò Mùfú. Ó ti rí i nígbà tí màámi bọ́ yẹtí. Ó ní òun ti gba ìsinmi, òun ń bọ̀ wálé kí oṣù yìí tó parí, òun ò ní béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi ju ìyẹn lọ.

Mo ti gbìyànjú láti gba ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ màámi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ là, tó pe orúkọ mi, mo kúnlẹ̀, mo ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ ọ́ fún un? Ó fọwọ́ bo ẹnu mi. Ó ní ọmọ ti sùn, má jí i.

Ǹ bá ti gba ìyẹn, ǹ bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó àbúrò mi pè mí lórí fídíò láti Kánádà, ó ní kí n bá òun kí màámi. Ọmọ tó fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ ni, mi ò rí i rí láìsí yẹtí. Etí rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Mo bi í pé yẹtí rẹ̀ dà. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ẹ̀yìn, ó ní òun kàn bọ́ ọ ni. Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Obìnrin lè bọ́ yẹtí nítorí pé ó fẹ́ wẹ̀, àbí? Ó lè jẹ́ èmi ni mò ń rí ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà, torí tó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, a jẹ́ pé ìbúra mi ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ Kùránì, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkùnrin tí bàbá yín wà nínú irú èyí, ẹ dá mi lóhùn. Tó bá dé, tó jókòó síwájú mi, tó bi mí léèrè ìlà mẹ́sàn-án yẹn, ṣé kí n gba orúkọ wèrè, kí n pa ìbúra ìyá mi mọ́? Tàbí kí n sọ fún un ibi tó wà lọ́jọ́ náà, orí itan ta ló sùn sí, àti ohun tó ń họ lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà? Yẹtí màámi ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò tíì béèrè rẹ̀ padà. Ṣé kí n jí i?